Ìṣó Páànù Kan Láti Kúdẹtì

Ìṣó páànù kan wà lórí tábìlì tí maṣíìnì ìránṣọ mi wà. Ó ti dípẹtà, orí rẹ̀ ti jẹ dànù, ìdí rẹ̀ sì ti tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Oníbàárà kan ti fẹ́ bá mi gbá a dànù rí, díẹ̀ ló kù kí n pariwo mọ́ ọn. Káfíńtà ló yọ ọ́ lára òrùlé ilé Bàbá àgbà wa ní Kúdẹtì, tó fi lé mi lọ́wọ́, tó ní, "Ẹ wo nǹkan tó ń di ilé yín mú, mà."

Ẹni tó bá ti dúró níwájú Gbọ̀ngàn Mápó rí, tó wo ìsàlẹ̀ òkè, ti rí irú òrùlé tí mò ń sọ. Páànù ló kan páànù, gbogbo rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú títí dé ibi tí ojú lè rí mọ. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, àwọn àgbà ilé wa sì máa ń fi í ka ọjọ́ orí: "Wọ́n ti ṣí Mápó kí wọ́n tó bí mi," "Wọn ò tíì ṣí Mápó nígbà yẹn." Mápó ṣe ẹ̀gbọ́n ilé tiwa. Ilé amọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lára. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á já láàárín, yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, gbàgede wà lẹ́yìn, tí ojú ibi tí wọ́n ri ìkòkò aró mọ́lẹ̀ sí kò tíì parẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìrìn. Ibẹ̀ ni Ìyá àgbà, tí wọ́n jẹ́ aládìrẹ, ti fi àjákù aṣọ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Bí ẹ bá ní kí n sọ ibi tí mo fẹ́ràn jù láyé yìí, mi ò ní ronú kí n tó dáhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ilé náà tí a kì í sọ. Ìyàwó méjì ni Bàbá àgbà fẹ́. Ìyá àgbà tó bí Bàámi ni ìyálé, ọmọ méjì péré ló sì yè fún wọn. Ìyá kékeré bí méje, gbogbo wọn yè. Nígbà tí Bàbá àgbà kú láìṣe ìwé ìhágún, àwọn àgbà ẹbí pín ilé ní ìdí-igi, bí àṣà ṣe wí: ìyàwó méjì, ìdí-igi méjì, ìpín méjì tó dọ́gba. Àwọn ọmọ Ìyá kékeré bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Àwọn àgbà kò gbà. Bí èèyàn méjì ṣe gba yàrá mẹ́rin nìyẹn, tí èèyàn méje gba yàrá mẹ́rin.

A ò jà. Ìkíni wà, a máa ń gbé oúnjẹ ọdún fún ara wa, Kérésì àti Iléyá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé inú ẹbí rí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí wọ́n kí ọ àti kí inú wọn dùn sí ọ.

Apá tiwa wá ṣófo. Ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin ti kú, Èkó ni àwọn ọmọ wọn wà. Èmi wà ní Mọ́níyà pẹ̀lú ọkọ mi. Bàámi nìkan ló kù, wọ́n ń sun yàrá kan, ẹrù wà nínú yàrá Ìyá àgbà, a ti méjì tó kù pa. Lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ń sun orí ẹní, ọmọ ọmọ ń sun ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àbúrò mi Múkáílà, ọmọ àbúrò Bàámi lápá kejì, fẹ́ gbé ìyàwó, ó wá bá Bàámi pé kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá kan fún òun fún ìgbà díẹ̀. Ọkàn Bàámi ti fẹ́ gbà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbà. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti wọlé, wọn ò ní jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn, mi ò lè sọ pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹta ọdún 2024. Ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀ Ràmàdánì ni, àwa náà sì wà nínú Lẹ́ńtì, nítorí náà àtapá ọ̀tún àtapá òsì ló ń gbààwẹ̀ nínú ilé yẹn. Àwa tí à ń gbé Ìbàdàn mọ òjò àkọ́rọ̀. Òjò Agẹmọ a máa rọra rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ti àkọ́rọ̀, ìjì ló ń ṣáájú rẹ̀. Ooru á mú títí, ewé kan ò ní mì, ojú ọ̀run lápá ìlà oòrùn á dúdú bí aró, lẹ́yìn náà ni eruku á dìde. Ní Mọ́níyà, ìjì gbé pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹni tó kángun sí mi, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń dúpẹ́ nígbà tí fóònù mi dún.

Múkáílà ni. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá wà. Wọn ò fara pa. Ilé ni."

Òjò ò tíì dá nígbà tí mo wọ Micra lọ sí Òjóò. Igi wó dí ọ̀nà níbì kan, awakọ̀ ń yà kiri, aago mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí n tó dé Bẹẹrẹ. Wọ́n ti mú iná lọ. Láti Ọjàaba ni mo ti fẹsẹ̀ rìn wálẹ̀, mò ń fi iná fóònù wo iwájú, páànù ilé àwọn èèyàn wà nílẹ̀ káàkiri, ó ń dún lábẹ́ bàtà mi. Nígbà tí mo wọ yàrá Ìyá àgbà, mo gbójú sókè. Òjò ti dá nígbà náà. Ìràwọ̀ ni mo rí.

Ìyá Múkáílà ló ròyìn fún mi. Wọ́n ní gbogbo àwọn ti jókòó yí oúnjẹ ìṣínu ká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná wà nínú ife, àkàrà wà nínú abọ́, ẹlòmíràn ti fi dàbínù sẹ́nu. Ladánì ò tíì pe ìrun tán tí afẹ́fẹ́ fi dé. Wọ́n gbọ́ tí òrùlé lápá tiwa ń fà ya bí aṣọ. Múkáílà ju ife sílẹ̀, ó sáré wọlé. Bàámi wà lórí ibùsùn, wọ́n di irin orí ibùsùn mú, wọ́n ń pe orúkọ Jésù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé wọn pọ̀n bí ìgbà tí wọ́n ń pọn ọmọ, ó sì jáde. Igi àjà àkọ́kọ́ já lulẹ̀ bó ṣe ń kọjá ẹnu ọ̀nà, èyí tó tẹ̀ lé e gbá a léjìká. Kò sọ èyí fún mi lórí fóònù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí i tí kò lè gbé apá rẹ̀ sókè.

Ibo ni Bàámi wà? Orí ibùsùn Bàbá Múkáílà ni wọ́n wà, wọ́n ti wọ jàlàbíà Bàbá Múkáílà, nítorí gbogbo aṣọ tiwọn ti tutù, wọ́n ń mu ẹ̀kọ. Bàbá Múkáílà fúnra wọn, tí wọ́n lé ní àádọ́rin ọdún, tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ò ṣí. Wọ́n ní, "Lọ sùn, ọmọ mi. Ilẹ̀ á mọ́." Ibi tí mo sùn lóru ọjọ́ náà, àárín àwọn ọmọ Múkáílà ni, nínú yàrá tí ẹsẹ̀ ẹnìkan wà lórí ikùn ẹnì kejì.

Kí n tó sùn, mo béèrè àpótí Ìyá àgbà. Ìyá Rísì, àbúrò Bàámi tó ń ta ẹja ní Ọjàaba, fa àpótí náà jáde lábẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n ní òun lòun gbé e, òjò ń lu òun lórí. Omi ti ráyè wọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n sì ti kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sá sórí okùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà láàárín wọn tí mo mọ̀ láti kékeré, Ìbàdàndùn ni wọ́n ń pe ọnà rẹ̀. Mo fi iná fóònù wò ó. Òpó Mápó ló tò lẹ́sẹẹsẹ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún láti fi ya irú ọnà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Ìlà Ìyá àgbà tín-ín-rín, kò wọ́ níbì kankan. Mo ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá àgbà."

Ìyá Rísì wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé ìyá yín nìkan ló ṣe é ni? Ìyá yín ló ya á. Ìyá wa ló rẹ ẹ́. Àìmọye ìgbà ni wọ́n rì í bọ aró, tí wọ́n sá a, tí wọ́n tún rì í, kó tó dúdú tó báyìí. Èékánná ìyá wa ò mọ́ títí wọ́n fi kú."

Mo ti ń rí èékánná yẹn láti kékeré. Dúdú tó ń ṣe bí ewé ló wà ní ìdí rẹ̀. Mi ò béèrè rí pé kí ló fà á.

Ilẹ̀ mọ́, iṣẹ́ délẹ̀. Bíríkìlà ni Múkáílà, òun ló ṣàlàyé fún mi pé ògiri amọ̀ lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí orí rẹ̀ bá ti gbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá gba orí rẹ̀ wọlé, amọ̀ á rọ̀, sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀ á ṣí bí èèpo, òjò méjì sí mẹ́ta péré ló sì máa gbé e lulẹ̀. A ní láti bò ó kí òjò mìíràn tó dé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó kó àwọn ọkùnrin láti mọ́ṣáláṣí wá. Bàámi náà ti ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdílé ìyá Bàámi kò yé yangàn pé Kúdẹtì wa ni Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853, nígbà tí wọ́n gbé ìhìnrere wọ Ìbàdàn. Àwọn ọkùnrin ìhà méjèèjì, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ló jọ gun ògiri, wọ́n na tàpólì, wọ́n fi okùn dè é mọ́lẹ̀, wọ́n fi bíríkì tẹ̀ ẹ́. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn ń jó wọn. Mo gbé omi tútù wá, mo sì gbé e padà, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbààwẹ̀, àwọn tó kù sì ní àwọn ò ní mu ún lójú wọn.

Ọjọ́ Sátidé ni káfíńtà dé. Ó gun òkè, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìṣó mélòó kan lọ́wọ́. Ó ní ikán ti jẹ igi tó sùn lórí ògiri, inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀pẹ̀, ìṣó ti dípẹtà débi pé páànù kàn jókòó lásán ni. Mo bi í pé ibo wá ni ìjì gbà wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ ilé tó yí wa ká ló dàgbà bíi tiwa tí òrùlé wọn ò ṣí. Ó mú mi lọ síwájú yàrá méjì tí a tì pa. Fèrèsé wọn ti jẹrà pátápátá, ọ̀kan ti já lára ògiri. Ó ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbà wọlé. Èyí tó ń fẹ́ lókè ń fa páànù, èyí tó wọ abẹ́ ń tì í sókè, àwọn méjèèjì ló sì gbé e. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń gbé ibí yìí ni? Ẹni tó bá ń sùn níbí kò ní jẹ́ kí fèrèsé rí báyìí."

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Mo dúró níwájú yàrá tí mo fi du Múkáílà, Múkáílà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi aṣọ so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ojú fèrèsé náà pẹ̀lú ọwọ́ kejì.

Owó tí èmi àti àwọn ti Èkó kó jọ ò lè kọjá apá tiwa. Mo ní kí káfíńtà fi lọ́ńgùsípáànù kan ọ̀tún, kó fi òsì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó mi orí. Ó ní góńgó kan ṣoṣo ni òrùlé náà ní, orí góńgó yẹn ni ọ̀tún àti òsì ti pàdé. Bí òun bá kan tiwa tí òun fi tiwọn sílẹ̀, ìjì tó ń bọ̀ á gba abẹ́ tiwọn wọlé, á sì gbé tiwa lọ pẹ̀lú rẹ̀. "Ilé kan ni ilé yín, mà," ohun tó sọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ igi àti ìṣó ló ń sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Rísì lọ gba owó tí wọ́n ń dá sọ́wọ́ aláàjọ, owó tí wọ́n fẹ́ fi ra fíríìsà fún ẹja wọn. Wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá dúdú. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n ní ta ni mò ń sọ pé kó má tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe. Bàbá Múkáílà ta àgbò tí wọ́n ti ń bọ́ de Iléyá. Múkáílà mọ gbogbo ibi tó wó lára ògiri láìgba kọ́bọ̀, èjìká rẹ̀ ò sì tíì san tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà, Bàámi sì wà lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún Àjíǹde bá wọn níbẹ̀, Ìtúnu ààwẹ̀ náà bá wọn níbẹ̀. Mo máa ń lọ sùn níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ohùn àwọn àgbà méjèèjì ni mo sì máa ń gbọ́ kí n tó sùn. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ nípa òjò Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, èyí tí Ìbàdàn ń pè ní Omíyalé. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Bàámi ti máa ń sọ ìtàn yẹn fún wa, bí omi ṣe gbé mọ́tò, bí ó ṣe gbé òkú èèyàn kọjá. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé àwọn àti àbúrò wọn ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Wọ́n fi okùn kan so ìbàdí ara wọn pọ̀ kí wọ́n tó lọ wá ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó háyà ilé lẹ́bàá odò. "Bí mo bá yọ̀, wàá fà mí," Bàbá Múkáílà ń sọ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo kọ́kọ́ yọ̀," Bàámi dá wọn lóhùn. Bàbá àgbà ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni ò tíì pín nǹkan kan.

Mo dojú kọ ògiri, mo sunkún. Gbogbo ọdún tí mo ti ń sọ pé mo fẹ́ràn ilé yẹn, ògiri ni mo fẹ́ràn, àti àwọn òkú inú rẹ̀. Àwọn alààyè wà níbẹ̀, mò ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n kan páànù tó kẹ́yìn, Bàámi pè mí. Wọ́n ní, "Bọ́lánlé, ọ̀rọ̀ yàrá méjì yẹn. Kí lo rí sí i?" Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi ló máa tú ohun tí ẹnu mi dì. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, mo rékọjá sódìkejì, mo kúnlẹ̀ fún Bàbá Múkáílà àti Ìyá Múkáílà, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Múkáílà lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbà á, ó ní, "Ìyá Tóbi, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù." Ìyàwó rẹ̀ ló sunkún. Ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó ṣì ń bínú sí mi di òní, ó ní mo ti fi ogún wa tọrẹ. Mo máa ń pè é, mo sì máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Mo wà ní Kúdẹtì lóru ọjọ́ tí òjò ńlá kọ́kọ́ rọ̀ sórí òrùlé tuntun. Oṣù karùn-ún ni. Gbogbo ilé jí. Àwọn ọmọ Múkáílà ti jókòó sórí ibùsùn wọn nínú yàrá tí a tì pa tẹ́lẹ̀, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sí àjà. Bàámi ti padà sí yàrá tiwọn, mo jókòó nídìí ẹsẹ̀ wọn. Ariwo òjò lórí páànù pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní láti pariwo. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Múkáílà láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bọ̀dá mi! Ṣé ó ń jò lọ́dọ̀ yín?"

Bàámi fi ọ̀pá wọn kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbọ́ òjò náà díẹ̀ sí i.

"Kò jò! Tiyín ńkọ́?"